A Ní Fítámì Ni

"Gíráàmù ọ̀rá márùn-ún?"

"Kápúsù kan."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ńkọ́?"

"Mẹ́ta. Màmá, mo mọ̀ ọ́n."

"Dá mi lóhùn ṣá. Ìgbà wo lo máa fún un?"

"Tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyókù láàárín. Tí oúnjẹ bá ti tán, ó ti bọ́."

"Bí wọ́n bá wá bi ọ́ ní Hamburg pé kí lò ń fún un?"

Mo wo bàtà mi. Rélùwéè ti ń wọ ibùdókọ̀ Südkreuz ní Berlin bọ̀, ariwo rẹ̀ ti ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì wù mí kí ó bo èsì tèmi náà.

"Fítámì ni," ni mo sọ.

"Ẹn-ẹ́n. Fítámì ni. Má jẹ́ kí ó bọ́ lẹ́nu ẹ o, Títílayọ̀." Màmá gbé báàgì tí kápúsù wà nínú rẹ̀ kọ́ mi lọ́rùn, ó fa okùn rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì bóyá yóò já, ó wá gbé Ìtùnú wọlé fún mi.

Ìtùnúolúwa ni àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́rin. Àìsàn kan wà lára rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Jámánì gùn ju ọmọ náà fúnra rẹ̀ lọ: Mukoviszidose. Omi tó yẹ kó máa ṣàn geere nínú ara rẹ̀ ki jù. Ó ń dí i ní àyà, ó sì ń dí ọ̀nà tí omi tí ń lọ oúnjẹ fi ń dé inú ìfun. Bí Ìtùnú bá jẹun láìlo kápúsù, oúnjẹ náà yóò kàn gba ara rẹ̀ kọjá ni, ọ̀rá inú rẹ̀ kò ní dà. Níwọ̀n bí kò ti tíì lè gbé odidi kápúsù mì, a máa ń ṣí i, a ó da hóró wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ sórí ṣíbí ápù lílọ̀ tútù, yóò gbé e mì láìrún un, yóò sì mu omi tẹ̀ lé e. Ohun gbígbóná kò gbọ́dọ̀ kan hóró náà, nítorí ooru máa ń bà á jẹ́ kó tó dé ibi iṣẹ́ rẹ̀. Òógùn ọmọ náà sì níyọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, bí ooru bá mú, omi àti iyọ̀ a máa tán lára rẹ̀ kíákíá.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ bí ẹni mọ ABD. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé bàbá mi kò mọ̀ ni pé àìsàn kankan wà. Dókítà ti ṣàlàyé fún àwọn òbí mi pé àwọn méjèèjì ló jọ gbé e fún ọmọ láìmọ̀, pé bí kì í bá ṣe ìhà méjèèjì, kò lè mú un. Ṣùgbọ́n Màmá ní ta ni yóò gba ìyẹn gbọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó? Wọn yóò ní ìyàwó ló kó àrùn wọlé. Wọn yóò tún wo èmi náà, wọn yóò ní ta ni yóò fẹ́ ọmọ ilé yẹn. Bàbá mi, tí ó ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí Poland, kì í fẹ́ ìjà, ó sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn ṣe di fítámì.

Irọ́ náà dé ilé-ìwòsàn pàápàá. Frau Lindner tó ń kọ́ wa nípa oúnjẹ ní Berlin fún wa ní ìwé kan tí a lẹ̀ mọ́ fìríìjì. Oúnjẹ Jámánì gbogbo àti ìwọ̀n ọ̀rá inú wọn ló wà níbẹ̀, bọ́tà, wàràkàṣì, sọ́séèjì oríṣi ogún. Ẹ̀gúsí kò sí níbẹ̀. Nígbà tó bi Màmá pé kí la máa ń jẹ nílé, Màmá fèsì kíákíá pé ìrẹsì àti adìyẹ ni. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á ní ká má fún ọmọ ní oúnjẹ wa mọ́. Nítorí náà, ojú lásán la fi ń díwọ̀n ẹ̀gúsí.

Lọ́dún 2018 yẹn, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí. Kita, ilé ìtọ́jú ọmọdé tí Ìtùnú ń lọ, ti tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Màmá kò sì rí ìsinmi gbà ní ilé àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Schöneberg. Ni wọ́n bá ní kí n mú un lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Jenfeld, àdúgbò kan ní Hamburg. Fẹ̀hìntọlá lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀? Mọ́mì Jenfeld là ń pè wọ́n.

Ooru ọdún náà kì í ṣe kékeré. Koríko ojúde ti pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ọ̀nà, inú bọ́ọ̀sì tó gbé wa láti Wandsbek-Markt sì ń jó bí inú ààrò. Nígbà tí a fi máa gun ilé gogoro náà dé àjà keje, ẹ̀wù Ìtùnú ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Mọ́mì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán mà."

"Káàbọ̀, ọmọ àbúrò mi. Wo bó o ṣe ga! Kí lẹ̀ ń jẹ ní Berlin? Ọkọ mi dà?"

Wọ́n gbé Ìtùnú sókè, wọ́n fẹnu kò ó níwájú orí. Ẹ̀rín wọn dúró gan-an. Wọ́n fi ahọ́n kan ètè wọn, wọ́n sì wo ọmọ náà bí ẹni rí ojúlùmọ̀ kan tí kò retí.

"Iyọ̀," ni wọ́n sọ, ohùn wọn kò ròkè.

"Òógùn ni mà," mo sáré sọ. "Inú bọ́ọ̀sì gbóná jù."

Wọ́n wò mí. Wọ́n tún wo Ìtùnú. "Ó lè jẹ́ òógùn," ni wọ́n wí, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n sì kọjá sí kíṣìnnì. Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ti ń bà mí nínú ilé náà.

Mọ́mì fẹ́ràn kí ọmọ jẹun. Àkàrà láàárọ̀, ẹ̀gúsí lọ́sàn-án, dòdò nígbà tí oòrùn bá ń rọlẹ̀, aládùúgbò kan yóò tún fún Ìtùnú ní áìsì kíríìmù lẹ́nu ẹ̀rọ agbéniròkè. N ò lè sọ pé kó má jẹ ẹ́, ta ni màá sọ pé ó sọ bẹ́ẹ̀? N ò sì lè ṣí kápúsù níwájú wọn. Ṣe ni mo máa ń fa Ìtùnú wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, màá ti ilẹ̀kùn, màá fún un kíákíá bí olè. Nígbà mìíràn, wọ́n á ti fi òkèlè méjì sí i lẹ́nu kí n tó rí i fà. Ní ọjọ́ kẹta, mo ṣílẹ̀kùn, mo bá Mọ́mì níwájú rẹ̀.

"Títí, kí lò ń fún ọmọ jẹ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀?"

"Fítámì ni mà."

"Fítámì wo ló ń sá fún èèyàn?"

"Dókítà ló kọ ọ́ fún un mà. Kó lè sanra díẹ̀."

"Ọmọ tó bá ń jẹ ẹ̀gúsí mi, fítámì oyinbo kò kàn án." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú wọn kò kúrò lára báàgì ọrùn mi.

Mo rí àmì. Kí n má parọ́ fún yín, mo rí i. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbẹ́ Ìtùnú funfun, ọ̀rá ń léfòó lórí rẹ̀. Lọ́jọ́rú, kò yàgbẹ́ rárá, ó sì ń di ikùn rẹ̀ mú lápá ọ̀tún. "Bauch," ló ń sọ. "Títí, Bauch." Mo ní yóò lọ. Mo fi kápúsù kan kún tàárọ̀, láìbi ẹnikẹ́ni.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni Miriam, ọmọ Mọ́mì, wá jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ọdún kan jù mí lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ.

"Tomorrow, à ń lọ sí Altona. A máa dé etí odò Elbe. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ló ń bọ̀. Tìmílẹ́yìn náà ń bọ̀."

Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo rí ọmọkùnrin náà rí, ṣùgbọ́n ohùn tó fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, mo ti gbọ́ ọ ju ìgbà ogún lọ.

"Ìtùnú ńkọ́?" ni mo bi í.

"Mama wà nílé. Àbí ìwọ lo bí i ni? Mutti Títí! Kò tíì sí ọjọ́ kan tó o jáde látìgbà tó o ti dé. Fítámì lásán-làsàn."

Fítámì lásán-làsàn. Irọ́ tí èmi fúnra mi pa ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo gbé báàgì kúrò lọ́rùn mi, mo sì nà án sí Mọ́mì ní kíṣìnnì.

"Mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́rin lọ́sàn-án, mà. Pẹ̀lú oúnjẹ."

"Ṣé fítámì yìí náà kọ́? Ẹ lọ gbádùn ara yín."

"Màá dé láago méjì mà."

Ó yẹ kí n sọ pé kó má kan ohun gbígbóná. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bi mí pé irú fítámì wo ni, Miriam sì ti ń pè mí lẹ́nu ọ̀nà.

Aago méjì lu ní etí Elbe, mo ní ó ku díẹ̀. Ó lu mẹ́ta. Tìmílẹ́yìn ní kí n dúró díẹ̀ sí i, mo sì dúró, ẹ̀rín tó ń pa gbogbo wọn kò sì dé inú mi. Ọmọ kékeré kan ń jẹ áìsì kíríìmù lórí iyanrìn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rá inú rẹ̀ sínú láìmọ̀. Nígbà tó kọjá aago mẹ́rin, fóònù Miriam dún. Ohùn Mọ́mì ròkè débi pé mo gbọ́ ọ níbi tí mo jókòó sí.

"Ẹ máa bọ̀ wálé. Inú ń run ọmọ yìí, ó sì ti bì lẹ́ẹ̀mejì."

N ò mọ bí mo ṣe dé ibùdókọ̀ Altona. S-Bahn, U-Bahn, bọ́ọ̀sì, ó lé ní wákàtí kan, gbogbo ọkọ̀ ló sì dà bíi pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń dúró pẹ́. Miriam ń sọ pé áìsì kíríìmù ni, pé yóò lọ. Mo ń ka iye ìgbà tí Ìtùnú ti sọ "Bauch" látọjọ́rú, mo sì ṣèṣì kà á ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí bóyá n ò ṣèṣì.

Nígbà tí a wọlé, Ìtùnú ti ká jọ sílẹ̀ pálọ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì wà ní ikùn. Ètè rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó le bí pákó, ọmọ náà sì fi igbe ta.

"Kí ló jẹ mà? Kápúsù rẹ̀ ńkọ́?"

"Fítámì? Mo ti fún un ní gbogbo rẹ̀ láàárọ̀," ni Mọ́mì wí. "Mo ní kí n má dà á láàmú lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣí méjèèje, mo pò ó mọ́ ògì rẹ̀, mo gbé e padà sórí iná kó lè dà mọ́ ọn dáadáa. Lọ́sàn-án, ó jẹ iyán àti ẹ̀gúsí. Ó jẹun gan-an."

Iná. Wọ́n ti se oògùn náà pa. Wọn kò ṣe ohun tó burú o. Bí gbogbo ìyá Yorùbá ṣe ń fún ọmọ ní fítámì nìyẹn. Èmi ni mo ní fítámì ni.

Mo gbé báàgì, mo sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Mo pe Màmá, kò gbé e. Wọ́n máa ń ti fóònù mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Mo pe Bàbá, kò lọ rárá. Mo da kápúsù sí àtẹ́lẹwọ́: ọ̀kan, mẹ́ta, mẹ́wàá. Tí mo bá fún un ní mẹ́wàá nísinsìnyí, bóyá wọ́n á lé oúnjẹ ọ̀sán bá, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn Frau Lindner nínú orí mi, bó ṣe ń fi ìka kan tábìlì: èyí tó bá ti bọ́ ti bọ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ dì í pọ̀ láti fi dí i, àpọ̀jù náà ń ṣe ìfun léṣe. Mo da àwọn kápúsù náà padà sínú báàgì.

Nígbà tí mo jáde, Mọ́mì ti gbé Ìtùnú sórí itan. Ṣíbí ńlá kan wà lọ́wọ́ wọn, epo pupa ló kún un, wọ́n sì ti sún un dé ẹnu rẹ̀.

"La ẹnu, ọkọ mi. Yóò tú inú náà."

Epo. Ọ̀rá gidi, sínú ìfun tó ti dí. Mo rí ojú Màmá ní Südkreuz. Mo rí ojú gbogbo ará Ìjẹ̀bú-Igbó tí n ò mọ̀ rí.

"Ẹ má fún un!" Igbe ni mo fi sọ ọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fún un lépo! Kì í ṣe fítámì! Irọ́ ni mo pa. Àìsàn ló ń ṣe é, látìgbà tí wọ́n ti bí i. Kò lè jẹ ọ̀rá láìsí oògùn yẹn, oògùn yẹn kò sì gbọ́dọ̀ gbóná. Ìfun rẹ̀ ti dí, mà. Ó lè kú."

Epo ń kán láti orí ṣíbí sórí aṣọ Mọ́mì, wọn kò sì nù ún.

"Àìsàn tó ń mú kí ara ọmọ níyọ̀," ni wọ́n wí. Wọn kò fi bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Miriam, pe 112."

Nínú ọkọ̀ pàjáwìrì, mo di ọwọ́ Ìtùnú mú, nígbà tí a sì dé ilé-ìwòsàn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà tó gbà wá: ohun tó jẹ, iye kápúsù, ògì orí iná, ọjọ́ tó yàgbẹ́ kẹ́yìn. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀gúsí, mo ní n ò mọ ìwọ̀n ọ̀rá rẹ̀. Dókítà náà gbójú sókè.

"Kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n fún yín rí?"

"A ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé à ń jẹ ẹ́."

Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ikùn rẹ̀. Oúnjẹ tí kò dà ti dì pọ̀ lápá ọ̀tún ìfun, omi tó ti tán lára rẹ̀ nínú ooru sì jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀. Wọ́n fi omi sí i lára láti ọwọ́, wọ́n sì ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba imú rẹ̀ dé ikùn, láti fi omi mìíràn tú ọ̀nà náà. Dókítà ní òun kò ní tàn wá: bí kò bá là títí di ọ̀sán ọ̀la, iṣẹ́ abẹ ni. Ìtùnú kò sunkún mọ́, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù lọ. Ó kàn ń wò mí.

Nígbà tí Màmá rí ìpè mi, ó wọ rélùwéè, ó dé láti Berlin bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́. Ó wo Ìtùnú, ó wò mí, ó wá rí Mọ́mì lórí àga. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé-ìwòsàn níbẹ̀.

"Ẹ má bínú mà. Èmi ni mo ní kó parọ́ fún yín. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Dìde, ìyàwó wa."

"Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mà. Wọ́n á ní èmi ni mo..."

"Mo ní kó o dìde." Mọ́mì fà á lápá, wọ́n mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Mo bí ọmọkùnrin kan ṣáájú Miriam. Fẹ̀sọ̀jayé. Ọdún méjì ló lò. Ó ń jẹun bí àgbà, ó sì ń rù. Ó ń wúkọ́ tọ̀sán-tòru. Ìgbẹ́ rẹ̀ dà bí ẹni da epo sí i. Bí mo bá fẹnu kò ó lórí, iyọ̀. Wọ́n ní èmi ni mò ń jẹ ọmọ mi. Ẹnu ìdílé ọkọ mi ni mo sá fún dé ìlú yìí."

"Mama," ni Miriam wí láti ibi tó dúró sí lẹ́bàá ògiri. "Ich hatte einen Bruder?"

"O ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin," ni Mọ́mì dá a lóhùn. "N ò pe orúkọ rẹ̀ látìgbà náà." Wọ́n yíjú sí Màmá. "Lọ́jọ́ tí mo gbé Ìtùnú lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu mi mọ iyọ̀ náà. Mo dákẹ́. Mo ní bí mo bá sọ̀rọ̀, ìwọ àti Báyọ̀ àbúrò mi á ní mo fẹ́ fi ikú lọ ọmọ yín. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́ níwájú mi, mo sì ń fún un ní ẹ̀gúsí."

Màmá bú sẹ́kún. N ò tíì rí i kó sunkún níwájú ará ilé bàbá mi rí. Gbogbo ọdún tó fi ń sá fún ọ̀rọ̀ pé òun ló kó àrùn wọlé, àrùn náà ti wà nínú ilé kí wọ́n tó fẹ́ ẹ.

A kò sùn. Àdúrà tí mo gbà lóru yẹn, n ò lè kọ ọ́ síbí. Láàárọ̀, bí aago mẹ́sàn-án, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sọ lórí bẹ́ẹ̀dì pé, "Mama, Kacka."

Màmá fò dìde. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì náà gbé póò sókè tó ní ọ̀nà ti là, Mọ́mì Jenfeld dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ní "Ọlọ́run, o ṣeun," èmi àti Miriam sì dì mọ́ra, à ń ké. Kò tíì sí ìgbẹ́ tí wọ́n kí káàbọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Mọ́mì wọ rélùwéè wá sí Berlin, wọ́n gbé ẹ̀gúsí lílọ̀ kìlógíráàmù kan dání. Wọ́n bá wa lọ sọ́dọ̀ Frau Lindner. Ẹ̀rù ń ba Màmá bó ṣe ń ṣàlàyé pé ìrẹsì àti adìyẹ kọ́ nìkan là ń jẹ. Frau Lindner kò bínú, kò sì ní ká má jẹ ẹ́ mọ́. Ó gbé òṣùwọ̀n kékeré síta, ó bi Mọ́mì pé ṣíbí ẹ̀gúsí mélòó, ṣíbí epo mélòó, ó sì ṣírò rẹ̀. Àwo tí Ìtùnú ń jẹ fẹ́ kápúsù mẹ́fà. Mẹ́rin là ti ń fún un láti ọdún méjì, kì í ṣe ní Hamburg nìkan. Màmá di ẹnu mú. Frau Lindner mú bírò, ó kọ ẹ̀gúsí sórí ìwé náà sábẹ́ wàràkàṣì, ó kọ mọ́ínmọ́ín, ó kọ àkàrà, ó ní kí Mọ́mì bá òun pè é kí òun lè kọ ọ́ dáadáa.

Mo ti ronú sí i lọ́pọ̀ ìgbà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Èmi mọ kápúsù, Mọ́mì mọ iyọ̀, Màmá mọ ẹ̀gúsí, Frau Lindner mọ ìṣirò. Bí ẹnì kan péré nínú wa bá ti la ẹnu, Ìtùnú kì bá tí dé orí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá fi ọmọ lé yín lọ́wọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ nítorí ẹ̀sín ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá sì rí i pé àṣírí kan ti ń fẹ́ pa èèyàn, ẹ sọ ọ́ síta, ẹni yòówù tó lè ní kẹ́ ẹ pa á mọ́. Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Kérésìmesì ọdún yẹn, ilé kún fọ́fọ́ ní Jenfeld. Bí wọ́n ṣe gbé oúnjẹ sílẹ̀, mo gbé báàgì sórí tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kápúsù. Arákùnrin kan tó wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó nawọ́ sí i.

"Kí lẹ̀ ń fún ọmọ yìí?"

Mo rí i tí Màmá dá ọwọ́ dúró. Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n Mọ́mì yá jù mí lọ.

"Oògùn rẹ̀ ni. Àìsàn kan ló ń bá a fínra, láti ilé tiwa ni, láti ilé ìyá rẹ̀ náà sì ni. Òun ló pa Fẹ̀sọ̀jayé mi. Kò ní í pa èyí. Títí, ó ku mélòó?"

"Ó ku méjì mà."

Ìtùnú ti la ẹnu, ó ń dúró de ṣíbí.